Rìsíìtì Ọdún 1924

Rìsíìtì kan wà lórí tábìlì mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Orúkọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan nílùú Àkúrẹ́ ló wà lókè rẹ̀. Ìlà méjì-méjì yí i ká bí ọgbà, lẹ́tà N ló dúró níwájú iye owó, ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sì ni 14/11/1924. Ní 1924, Ọba Afúnbíowó Adésídà Kìn-ín-ní ló wà lórí ìtẹ́ Déjì, orúkọ Adésídà yìí náà sì ni òpópónà tó gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mi kọjá ń jẹ́ títí dòní. Kò sí kọ̀ǹpútà láyé nígbà náà, ká má tíì wá sọ Àkúrẹ́. Ẹnì kan ti fi bírò búlúù fa igi lé 19 náà, ó kọ 20 sórí rẹ̀, ó sì buwọ́ lù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ayédèrú ni.

Màmá Akọ̀wé ló fa igi yẹn. Bí gbogbo ará Ọjà Ọba ṣe ń pè wọ́n nìyẹn, nítorí pé láti ìgbà tí mo ṣì ń wọ ṣòkòtò péńpé lọ sílé ìwé ni wọ́n ti jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ náà. Láti ọdún 2000 ni wọ́n ti ń fa á, lórí rìsíìtì kọ̀ọ̀kan, fún ẹlẹ́ran, fún aláta, fún àwọn tó ń ti Ìdànrè gbé kòkó wá. Mo rò pé mo lè gbà wọ́n lọ́wọ́ iṣẹ́ bírò yẹn. Ẹ jẹ́ kí n rò bó ṣe jẹ́.

Oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni wọ́n wọ ṣọ́ọ̀bù mi láàárọ̀ kùtù. Ọmọ alábàárù kan tẹ̀ lé wọn, ó ru kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan, irú èyí tó funfun nígbà tí wọ́n rà á, tó ti wá pọ́n bí eyín ẹni tó ń jẹ obì.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá."

"Káàárọ̀, Ẹnjiníà. Ó ti kú o."

"Kí ló ṣe é?"

"Iná ni. Wọ́n mú un lọ nírọ̀lẹ́. Nígbà tí wọ́n máa dá a padà, tìbínú-tìbínú ló fi wọlé. Mo gbọ́ pòó, mo gbọ́ òórùn, mo ní ó tán."

Mo tú u. Páwà rẹ̀ ti jó, ó sì ti mú bọ́ọ̀dù dání lọ. Háàdì díìsìkì nìkan ló yè. Mo fi okùn tí mo ń lò fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ so ó mọ́ laptop tèmi, tí Linux, ètò àgbà tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Windows, wà nínú rẹ̀. Ó kọ́kọ́ kùn, ó dákẹ́, àyà mi já, ó tún kùn, ó ṣí. Fáìlì mẹ́rin péré ló ṣe pàtàkì níbẹ̀: AJESEKU.EXE (ètò ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀), OMOEGBE.DAT, IDAWO.DAT, EYAWO.DAT (àkọsílẹ̀ rẹ̀). Lẹ́tà mẹ́jọ ni DOS, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà kí Windows tó gbòde, ń gbà fún orúkọ fáìlì, mẹ́ta fún ìrù rẹ̀. Kò mọ àmì ohùn, kò mọ àmì abẹ́ lẹ́tà. Owó ọgbọ̀n ọdún àwọn èèyàn wà nínú fáìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, síbẹ̀ wọn kò kún díìsì pẹlẹbẹ kan, irú èyí tó ń gba 1.44 MB. Fọ́tò kan tí ọmọ mi fi fóònù yà ju gbogbo rẹ̀ lọ.

Kí n má purọ́, inú mi dùn pé kọ̀ǹpútà yẹn kú. Mo ti ń ṣírò nínú ọkàn mi iye tí n ó gbà láti kọ ètò tuntun fún wọn, èyí tó ní àwọ̀, tó ní bọ́tìnnì, tí alága lè máa wò lórí fóònù. Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká kúkú fi ti àtijọ́ yìí sílẹ̀. Ojú dúdú, lẹ́tà funfun, kò sí máòsì. N ó ṣe tuntun fún yín."

Wọ́n wò mí bí ìgbà tí wọ́n ní kí ìyá ọlọ́bẹ̀ lọ da ìkòkò rẹ̀ nù.

"Ẹnjiníà, ìgbà wo ni mo ní kí o ṣe tuntun? Mo ní ó kú. Jí i fún mi."

Wọ́n wá gbé ọwọ́ lé orí káńtà mi, orí igi lásán, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ohun tí kò sí níbẹ̀. "Ení, Éńtà. Nọ́ńbà, Éńtà. Owó, Éńtà. P." Ìka wọn kò ṣìnà. Wọn kò wo ọwọ́ wọn, èmi ni wọ́n ń wò. "Ó parí. Ẹlẹ́ran kò tíì di ìdí àpò rẹ̀ tán, rìsíìtì ti jáde." Mo rí i pé ètò tí mo fẹ́ kọ, tó ní bọ́tìnnì, tí wọn yóò máa fi máòsì wá káàkiri pẹ̀lú jígí lójú, kò lè bá àwọn ìka wọ̀nyẹn dé ibi tí wọ́n ń lọ. Owó tí mo ti ń ná lọ́kàn fò lọ.

Ẹgbẹ́ náà ní laptop tuntun kan nílẹ̀, Windows bíìtì 64 ló wà nínú rẹ̀, ìyẹn ni pé bíìtì 64, òdo àti ení, ló lè gbé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo da fáìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí i, mo tẹ AJESEKU.EXE. Ó ní nǹkan yìí kò lè ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà yìí. Mo ti mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò wí, mo kàn fẹ́ kí Màmá fi ojú ara wọn rí i ni.

Kì í ṣe pé ó kórìíra arúgbó. Ayé bíìtì 16 ni wọ́n bí AJESEKU sí, ayé ṣíìpù 8086, ọpọlọ kọ̀ǹpútà tí Intel gbé jáde ní 1978. Nígbà tí àbúrò rẹ̀, 386, dé ní 1985, wọ́n kọ́ yàrá àlejò kan sínú rẹ̀: ètò àtijọ́ á wọ ibẹ̀, á máa rò pé orí 8086 gidi lòun wà. Yàrá yẹn ni Windows NT fi ń gba àwọn ètò DOS sílé láti 1993. Ṣùgbọ́n nígbà tí bíìtì 64 dé, tí ṣíìpù àkọ́kọ́ láti ọ̀dọ̀ AMD jáde ní 2003, àwọn tó yàwòrán ilé náà kò kọ́ yàrá àlejò sí i mọ́. Bí ṣíìpù bá ti wọ ipò bíìtì 64, kò síbi tí 8086 yóò forí pamọ́ sí. Windows bíìtì 64 kò sì wá ọ̀nà mìíràn fún un.

Mo padà sórí Linux. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni FreeDOS. Ní 1994, nígbà tó hàn pé Windows ni Microsoft fẹ́ gbájú mọ́, pé ọjọ́ MS-DOS ti ń lọ sópin, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, Jim Hall, ní kí àwọn tó bá wù kóra jọ kọ DOS ọ̀fẹ́. Wọ́n kóra jọ lóòótọ́. Ẹ̀dà 1.0 rẹ̀ jáde ní 2006, wọn kò sì tíì pa á tì. Ó dùn mọ́ mi pé ọdún kan náà ni òun àti AJESEKU wáyé. Mo gbé FreeDOS sínú VirtualBox, ètò tó ń ṣe bí kọ̀ǹpútà mìíràn nínú kọ̀ǹpútà, mo ní kó ṣí AJESEKU. Ìlà kan ṣoṣo ló jáde, ó sì padà sídìí:

Runtime error 200

"Kí ló wí?" Màmá bi mí.

"Ó ní ẹnì kan fi òdo pín nǹkan, Màmá."

"Ta ló fi òdo pín owó ẹgbẹ́?"

N kò rí èsì fọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo ní kí wọ́n máa lọ sọ́jà, pé n ó pè wọ́n.

Mo jókòó tì í di òru. Ẹni tó kọ ètò náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń gbé àdúgbò wọn ní 1994, ti rìnrìn àjò tipẹ́, ìwé tó fi kọ ọ́ kò sì sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwa tí a ń kọ ètò mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ohun tí èèyàn kọ ni iṣu, EXE ni iyán. Bí iyán bá ti fara jọ, kò sí ẹni tó lè tò ó padà di iṣu. Ṣùgbọ́n iyán náà ní ohun tó ń wí. Mo lo àṣẹ kékeré kan nínú Linux, strings, tó ń yọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó ṣeé kà jáde nínú fáìlì. Mo rí orúkọ Borland níbẹ̀, mo rí 1983,92. Turbo Pascal 7.0 ni, irinṣẹ́ Borland tí wọ́n fi ń kọ ètò, èyí tó jáde ní 1992. Bí mo ṣe rí ìyẹn, mo rẹ́rìn-ín nínú òkùnkùn, nítorí pé mo ti mọ àìsàn tó ń ṣe é.

Àìsàn yẹn dùn gbọ́. Nínú Turbo Pascal, apá kan wà tí wọ́n ń pè ní CRT, òun ló ń bójú tó ojú kọ̀ǹpútà àti kíbọ́ọ̀dù, òun náà ló sì ń jẹ́ kí ètò lè dúró díẹ̀ kó tó ṣe nǹkan tó kàn. Kó lè mọ bí yóò ṣe dúró, ó gbọ́dọ̀ mọ bí kọ̀ǹpútà tó gbà á sílé ṣe yára tó. Nítorí náà, bí ètò bá ti ń jí, kó tó ṣe ohunkóhun, á wo aago kọ̀ǹpútà. Aago yẹn ń lu nǹkan bí ìgbà 18 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ni pé àárín ìlù méjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdá 55 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Ètò náà á máa yí lójú kan, á máa ka iye ìgbà tó yí kí ìlù kejì tó dún, á wá fi 55 pín in. Ìdáhùn rẹ̀ ló ń kó sínú àpò kan tí kò lè gbà ju 65,535 lọ.

Ní 1992, àpò yẹn fẹ̀ bí oko. Kò sí kọ̀ǹpútà tábìlì tó lè yí tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ṣíìpù bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá nǹkan bí 200 MHz, ìyẹn igba mílíọ̀nù ìlù ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó wá dà bí ìgbà tí wọ́n ń da odidi àpò gàrí sínú kóńgò kan ṣoṣo. Ìdáhùn kò gba inú àpò mọ́. Bí èsì ìpín kò bá sì gba ibi tí wọ́n fẹ́ kó o sí, igbe kan náà tí ṣíìpù ń ké bí wọ́n bá fi òdo pín nǹkan ló ń ké. Turbo Pascal gbọ́ igbe, kò wo ìdí rẹ̀, ó ní òdo ni. Kò sí òdo kankan níbẹ̀.

Kọ̀ǹpútà Màmá tó kú, 166 MHz ni. Díẹ̀ ló kù kí òun náà bọ́ sínú ewu, wọn kò sì mọ̀.

Nígbà tí mo ṣàlàyé fún wọn lọ́jọ́ kejì, wọ́n ronú díẹ̀, wọ́n ní, "Nítorí pé tuntun yìí yára jù ni ètò mi kò fi lè rìn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ó dáa, sọ fún un kó rọra."

Ohun tí mo sì ṣe gan-an nìyẹn. Ètò kan wà tó ń jẹ́ DOSBox, ó ti wà láti 2002. Àwọn tí wọ́n fẹ́ fi géèmù ayé àtijọ́ ṣeré ni wọ́n ṣe é fún, wọn kò fi pa mọ́. Òun kò wá yàrá àlejò kankan nínú ṣíìpù. Ńṣe ló ń ṣe ṣíìpù náà fúnra rẹ̀. Ó ń ka àṣẹ AJESEKU lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ṣe ohun tí 386 ì bá ṣe sí i, ó ń lu aago ayédèrú, ó ń gbé ojú aláwọ̀ dúdú kalẹ̀, lẹ́tà 80 lórí ìlà, ìlà 25. Èyí tó ṣe pàtàkì jù fún mi ni pé èèyàn lè pàṣẹ bí yóò ṣe yára tó:

cycles=3000

Ìyẹn ni pé àṣẹ bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta láàárín ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Laptop tó lè ṣe ẹgbẹẹgbẹ̀rún mílíọ̀nù nǹkan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, mo ní kó máa rìn bí ẹni tó gbé omi lérí.

Mo ti lo DOSBox rí fún géèmù, n kò tíì ronú sí bí irọ́ tó ń pa ṣe gún tó. Ètò DOS kì í bá ara kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ fún gbogbo nǹkan, ẹnu ọ̀nà kan ló ń kàn, nọ́ńbà rẹ̀ ni 21h. Bó bá fẹ́ ka fáìlì, á mú 3Fh lọ́wọ́, á kan ilẹ̀kùn. Bó bá fẹ́ mọ ọjọ́ òní, á mú 2Ah lọ́wọ́, á kan ilẹ̀kùn kan náà. Ẹni tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn kò kàn án, kó ṣáà ti rí ìdáhùn gbà. Nínú DOSBox, kò sí MS-DOS kankan lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn. Linux ni, tó jókòó, tó ń fi ohùn olóògbé dáhùn. Bí AJESEKU bá ní kí wọ́n fún òun ní C:\OMOEGBE.DAT, fáìlì kan nínú fódà mi ni wọ́n ń gbé fún un. (Bẹ́ẹ̀ ni, igi \ tí DOS dà sẹ́yìn yẹn. DOS àkọ́kọ́ kò ní fódà rárá. Nígbà tí fódà dé ní 1983, wọ́n ti ń lo igi tó dà síwájú, /, fún nǹkan mìíràn, ló bá di pé wọ́n dà á sẹ́yìn. Àwa tí a ń lo Linux àti Windows pọ̀ ṣì ń jìyà rẹ̀ lójoojúmọ́.)

Mo tẹ̀ ẹ́ níwájú wọn:

mount c ~/ajeseku
c:
AJESEKU

Ìlà méjì-méjì yọ, ó yí ojú kọ̀ǹpútà po. E KAABO SI EGBE ALAJESEKU. Nọ́ńbà kìn-ín-ní dé ìkẹjọ tò sísàlẹ̀. Màmá kò sọ nǹkan kan. Wọn kò tiẹ̀ jókòó. Wọ́n na ọwọ́ kọjá èjìká mi, wọ́n tẹ ení, Éńtà, wọ́n tẹ nọ́ńbà ara wọn, Éńtà, owó tí wọ́n ní pamọ́ sì jáde. Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n wá fa àga.

Ti ìtẹ̀wé kò pẹ́. DOSBox gangan kò mọ bí wọ́n ṣe ń bá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n àbúrò rẹ̀ kan, DOSBox-X, mọ̀ ọ́n. Mo ní kó máa da gbogbo ohun tó bá lọ sí LPT1, ẹnu ọ̀nà ìtẹ̀wé nínú DOS, sínú fáìlì, kí Linux sì máa gbé fáìlì náà lọ fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé alábẹ́rẹ́ wọn láìfọwọ́ kàn án. Lákọ̀ọ́kọ́, mo ṣí fáìlì náà wò, ọgbà ìlà méjì ti di ìdọ̀tí: IBM ní tábìlì lẹ́tà tirẹ̀ fún DOS, 437 lorúkọ rẹ̀, òǹkà tó jẹ́ ìlà níbẹ̀ kì í ṣe ìlà nínú UTF-8, tábìlì tí Linux ń kà. Ẹ̀rọ alábẹ́rẹ́ náà, arúgbó bíi tiwọn, mọ tábìlì yẹn dáadáa. Ó tẹ ọgbà rẹ̀ pé pérépéré. Mo bá wọn gbé Linux sórí laptop ẹgbẹ́. DOSBox wà fún Windows náà o, kí ẹnikẹ́ni má bá mi jà, Linux ni mo yàn nítorí pé òun ni mo lè tún ṣe lóru láìpe ẹnikẹ́ni.

Ó wá ku 1924.

Ẹ̀bi yẹn kì í ṣe ti DOS. Bí AJESEKU bá fi 2Ah béèrè ọjọ́, ọdún gbáko ni wọ́n ń fún un, 2024. Òun fúnra rẹ̀ ló ń gé 20 sọnù, tó ń fi 24 pamọ́ kó lè dín àyè kù, tó sì ń fi 19 tí ọmọkùnrin yẹn kọ sínú rẹ̀ ní 1994 ṣáájú bó bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde. Turbo Pascal máa ń fi iye lẹ́tà ṣáájú ọ̀rọ̀ ni, nítorí náà mo mọ ohun tí mo ń wá nínú EXE: 02, pé lẹ́tà méjì ló ń bọ̀, lẹ́yìn náà 31 39, tí í ṣe 1 àti 9. Mo rí i. Mo sọ ọ́ di 32 30, ìyẹn 2 àti 0. Báìtì méjì péré. Mo tẹ rìsíìtì, ó ní 2024.

Mo gbé e lọ fún Màmá bí ọmọ tó gba ipò kìn-ín-ní. Wọ́n wò ó, wọ́n ní, "O ṣeun. Bá mi tẹ àkọsílẹ̀ nọ́ńbà 38 láti ìbẹ̀rẹ̀."

Mo tẹ̀ ẹ́. Ìlà àkọ́kọ́: 06/02/2096.

"Èyí ti ń bọ̀ lọ́nà nìyẹn," ni wọ́n wí.

Mo ní kò burú, n ó ṣe é méjì, ọ̀kan fún 19, ọ̀kan fún 20. Wọ́n ní ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sí í dáwó ní 1996, tó kú ní 2011, orí ìwé kan náà ni gbogbo rẹ̀ máa ń wà nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ bá wá gba owó. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ jù báyìí, àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ṣeé ṣe kí èèyàn wá àyè nínú EXE, kó rọ́ àṣẹ díẹ̀ sí i tí yóò máa wò ó bóyá ọdún náà ju 90 lọ tàbí kò tó bẹ́ẹ̀. Mo ti rí àwọn tó ṣe irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ka owó olówó ni, n kò ní ìgboyà láti máa fi ọ̀bẹ wá iṣan nínú rẹ̀ láìní ìwé tí wọ́n fi kọ ọ́. "Dá a padà síbi tó wà," ni Màmá wí. "Tí mo bá rí 19, mo mọ ibi tí irọ́ wà."

Mo dá 31 39 padà. Lọ́jọ́ yẹn náà ni wọ́n ní kí n wọ ẹgbẹ́, pé ẹni tó ti rí ìhòòhò gbogbo wa kò lè wà níta. Èmi ni nọ́ńbà 141. Rìsíìtì tó wà lórí tábìlì yìí, owó ìwọlé mi ni.

Lẹ́yìn ìyẹn ni alága ní òun fẹ́ tábìlì kan fún ìpàdé gbogbogbòò, kí wọ́n rí ohun tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti ń yá owó fún láti ọdún wọ̀nyí wá. AJESEKU kò mọ irú ìyẹn ṣe. Mo ní n ó yọ ọ́ síta fúnra mi, n ó kó o sínú LibreOffice, ètò tí wọ́n fi ń to tábìlì. Kí n lè mọ bí fáìlì ṣe tò, mo ṣí OMOEGBE.DAT báìtì sí báìtì. Ibẹ̀ ni mo ti rí nọ́ńbà 112. Mo ti pa orúkọ wọn dà:

07 42 4F 53 45 20 4B 2E 59 4F 20 41 2E

07 ni iye lẹ́tà. Lẹ́tà méje tó tẹ̀ lé e ni BOSE K., pẹ̀lú àyè àti àmì ìdánudúró. Ibẹ̀ ni AJESEKU ń kà dé, kì í wo iwájú. Ṣùgbọ́n ohun tó wà níwájú kò lọ: YO A. Ẹnì kan ti jókòó síbẹ̀ rí. Nígbà tí wọ́n kọ orúkọ tuntun lé e, lẹ́tà méje àkọ́kọ́ nìkan ló bò mọ́lẹ̀. Mo ka lẹ́tà náà fún Màmá lórí fóònù. Wọn kò jẹ́ kí n kà á tán.

"Fúnmiláyọ̀ aláṣọ. Bọ́sẹ̀ la gbé nọ́ńbà rẹ̀ fún nígbà tó kú." Wọ́n dákẹ́. "Ó ṣì wà níbẹ̀?"

"Ó ṣì wà, Màmá. Ètò yín ni kò rí i."

Tábìlì alága wá di iṣẹ́ gidi. Nínú EYAWO.DAT, lẹ́tà mẹ́fà ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ìdí tí ẹnì kan fi yá owó. OJA, mo mọ ìyẹn. OMO, owó ilé ìwé ni. Ṣùgbọ́n ILE: ilé ni wọ́n kọ́ ni, àbí ilẹ̀ ni wọ́n rà? OKO: oko kòkó ni, tàbí ọkọ̀? Tábìlì 437 tí IBM ṣe kò ní ẹ, kò ní ọ, kò ní ṣ, kò sì lè gbé àmì lé wọn lórí. Kí ọmọkùnrin yẹn tó tẹ ọ̀rọ̀ wọlé ni ọ̀rọ̀ ti bọ́ ẹ̀wù. DOSBox lè purọ́ pé òun ni 386, ó lè purọ́ pé òun ni MS-DOS, kò sí irọ́ tó lè pa tí yóò sọ OKO di ọ̀kan fún mi. Mo ka ẹ̀yáwó tó lé ní irínwó tí ILE tàbí OKO wà níwájú rẹ̀.

Màmá ni mo gbé e lọ bá. Gbogbo ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn tí ọjà bá tú, mo máa ń lọ sílé wọn pẹ̀lú ìwé ìkọ̀wé olójú-ewé 60 kan. Èmi á ka nọ́ńbà, oṣù àti iye, àwọn á sọ èyí tó jẹ́. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ni mo ń fi àmì sí i.

"Nọ́ńbà 17, oṣù kẹta 1995, ILE."

"Ilẹ̀. Ní ọ̀nà Ìjọ̀kà. Kò tíì kọ́lé sí i títí dòní, koríko ló ń hù."

"Nọ́ńbà 90, 1997, OKO."

"Ọkọ̀. Takisí. Ọkọ̀ náà jóná, ó san owó wa pé."

"Nọ́ńbà 54, 1998, OKO."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Èyí kì í ṣe oko, kì í ṣe ọkọ̀. Ọkọ ni. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fẹ́ ṣe fún ọkọ rẹ̀, kò sí ibi tí ọmọ yẹn lè kọ ọ́ sí, ló bá tẹ OKO. Ọkọ náà ṣì wà, ó ń jẹ iyán."

A ti ń ṣe é bọ̀ láti oṣù kìn-ín-ní. Mo rò pé a ó parí rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ṣùgbọ́n ìtàn ń gùn ju OKO lọ, wọ́n sì máa ń gbé iyán wá. Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, mo ka nọ́ńbà 62, oṣù karùn-ún 1996, OKO.

Màmá fi ọwọ́ bo ojú. Wọ́n wí orúkọ rẹ̀ fún ara wọn, wọ́n wí orúkọ ọjà tó ń tà, wọ́n wí ìgbà tó kú. Iná lọ, wọ́n ṣì ń ronú. Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù mi.

"N kò rántí," ni wọ́n wí níkẹyìn. "Ọmọ rẹ̀ obìnrin wà ní Òǹdó, nítòsí ààfin Ọṣemàwé. N ó bi í léèrè tí mo bá lọ sí òkú níbẹ̀. Fi sílẹ̀ ná."

Mo kọ OKO, n kò fi àmì sí i, mo kọjá sí ìlà tó kàn.